Kámẹ́rà Onífíìmù Àkọ́kọ́: Bí Ẹ Ṣe Máa Yàn Án, Tí Fíìmù Yín Kò Fi Ní Jáde Lófìfo

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kámẹ́rà onífíìmù nílùú Ifẹ̀ yìí. Wọ́n á ra á, wọ́n á ki fíìmù sí i, wọ́n á ya ìkómọ, wọ́n á ya àwọn ọ̀rẹ́ wọn níwájú Gbọ̀ngàn Odùduwà ní yunifásítì, wọ́n á yà á títí ó fi pé mẹ́rìndínlógójì. Tí wọ́n bá fọ fíìmù náà tán, ó mọ́ gaara bí ọ̀rá omi. Tàbí kẹ̀, àwòrán wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n agbádá funfun nìkan ló hàn, ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ ti ṣókùnkùn. Púpọ̀ nínú wọn kì í dán an wò lẹ́ẹ̀kejì mọ́. Ó ń dùn mí, nítorí kò sí ìkankan nínú àṣìṣe wọ̀nyẹn tí èèyàn kò lè rí kó tó di pé fíìmù ṣòfò. Kámẹ́rà onífíìmù kò ní gíláàsì lẹ́yìn tí ẹ máa fi wo ohun tí ẹ yà, àmọ́ ó ní àmì tirẹ̀: èyí tí ẹ máa fetí gbọ́, èyí tí ẹ máa fọwọ́ kàn, èyí tí ẹ máa fojú rí pé ó ń yí. Àwọn àmì yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Kámẹ́rà tí mò ń sọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní SLR. Dígí kékeré kan dábùú nínú rẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí ẹ máa wo inú lẹ́ńsì gan-an. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, dígí náà á gbéra sókè, ṣọ́tà, ìyẹn aṣọ ìkélé tó ń bo fíìmù, á ṣí, ìmọ́lẹ̀ á kan fíìmù, dígí á padà sáyè rẹ̀.

Ohun tí ẹ nílò

- Kámẹ́rà SLR tó ń lo fíìmù 35mm, pẹ̀lú lẹ́ńsì 50mm.
- Fíìmù méjì. Ọ̀kan jẹ́ ògbólógbòó tó ti kọjá déètì, tí ẹ kò ní fọ̀ rárá, ìdánrawò nìkan ló wà fún. Ìkejì ni ojúlówó: nẹ́gátíìfù (fíìmù tí ibi tó mọ́lẹ̀ ń hàn ní dúdú lórí rẹ̀, tí ibi tó ṣókùnkùn sì ń mọ́ gaara) ISO 200 tàbí 400. ISO ni òǹkà tó ń sọ bí fíìmù ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó.
- Bátìrì tuntun tó bá kámẹ́rà náà mu.
- Tọ́ọ̀ṣì kékeré tàbí iná fóònù.
- Ìwé pélébé àti bírò.
- Aṣọ múlọ́múlọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò fi nu nǹkan mìíràn rí.
- Ẹni tó máa fọ fíìmù náà.

Mo fi ẹni tó máa fọ̀ ọ́ sínú ohun tí ẹ nílò nítorí pé ẹ gbọ́dọ̀ ti mọ̀ ọ́n kí ẹ tó náwó sí fíìmù. Ẹ wo ara agolo fíìmù. Bí wọ́n bá kọ C-41 síbẹ̀, oògùn fíìmù kálà ni wọ́n máa fi fọ̀ ọ́. Fíìmù dúdú-àti-funfun, bí Ilford HP5 Plus tàbí Kodak Tri-X, oògùn tirẹ̀ yàtọ̀. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì ju HP5 sínú oògùn C-41, gbogbo àwòrán inú rẹ̀ ló máa fọ̀ dànù, òfo pátápátá ló máa jáde. Ilford XP2 Super nìkan ni kí ẹ yọ sọ́tọ̀: dúdú-àti-funfun ni, àmọ́ C-41 náà ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Ẹ bi ẹni náà ní tààrà: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kálà nìkan lẹ ń fọ̀, àbí ẹ ń fọ dúdú-àti-funfun pẹ̀lú?" Ìdáhùn rẹ̀ ló máa sọ irú fíìmù tí ẹ máa rà.

Tó bá jẹ́ pé èèyàn yín ló ń bá yín kó fíìmù bọ̀ láti òkè òkun, ẹ sọ fún un pé kó má kó o sínú àpótí tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wò máa ń ba fíìmù jẹ́. Kó fi sínú báàgì ọwọ́, kó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìpele 1: Ẹ yan kámẹ́rà tí ṣọ́tà rẹ̀ kò gbára lé bátìrì

Oríṣi méjì ló wà. Nínú èkíní, irin àti eyín ló ń ṣiṣẹ́ bíi ti aago àtijọ́ tí wọ́n ń wáyà. Mítà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nìkan ni bátìrì ń bọ́. Nínú èkejì, bátìrì ló ń ṣí ṣọ́tà. Bí bátìrì bá kú, kámẹ́rà kú.

Ẹ mú èkíní. Pentax K1000 ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún ẹni tó bá bi mí. Ọdún 1976 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, wọn ò sì dáwọ́ dúró títí di 1997, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ nínú ọjà tòkunbọ̀ títí di òní. Kò ní nǹkan kan lára tí akẹ́kọ̀ọ́ kò nílò: òrùka fókọ́ọ̀sì, òrùka ojú lẹ́ńsì (ojú lẹ́ńsì ni ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé), bọ́tìnnì róbótó tí ẹ fi ń yan ìyára ṣọ́tà, àti abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan tó ń lọ sókè sódò níbi tí ẹ ń yọjú wò. Bí abẹ́rẹ́ bá dúró láàrin, ìmọ́lẹ̀ tó. Nikon FM, tó jáde ní 1977, kò kéré sí i. Iná pupa kékeré mẹ́ta ló fi rọ́pò abẹ́rẹ́. Bátìrì LR44 ni méjèèjì ń lò, ẹyọ kan fún K1000, méjì fún FM. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún aago ṣe ni ẹ ti máa rí i.

Zenit-E ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà kò lo bátìrì rárá. Irin rẹ̀ le, ó wúwo bí ọlọ kékeré, lẹ́ńsì Helios tó sábà máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ sì ń ya ojú èèyàn dáadáa. Àmọ́ n kò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ máa ṣí ojú lẹ́ńsì náà láti rí fókọ́ọ̀sì, tí ẹ ó tún fọwọ́ pa á dé kí ẹ tó yà. Bí ẹ bá gbàgbé ìkejì, ìmọ́lẹ̀ á pọ̀ jù. Mítà rẹ̀ náà sábà máa ń ti rẹ̀ nítorí ọjọ́ orí.

Canon AE-1 rẹwà, ó sì rọrùn, n kò bá a jà. Bátìrì ẹlẹ́fólítì mẹ́fà ló ń lò, ṣọ́tà kì í ṣí láìsí i. Ẹni tó wà láàrin ayẹyẹ Ọlọ́jọ́ tí bátìrì kú mọ́ lọ́wọ́ kò rí nǹkan ṣe mọ́, nígbà tí ẹni tó gbé K1000 kàn máa pa mítà tì, tó máa fi ojú ara rẹ̀ wọn ìmọ́lẹ̀, tí yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe: wọ́n á ra kámẹ́rà lọ́tọ̀, wọ́n á ra lẹ́ńsì lọ́tọ̀, ẹnu méjèèjì kò sì ní bá ara wọn mu. Lẹ́ńsì Nikon kò wọ Pentax, ti Canon kò wọ Nikon. Ẹ ra kámẹ́rà tí lẹ́ńsì rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ sì fi lẹ́ńsì gígùn tó ń fà sún-un-rẹ̀n sílẹ̀ ná. 50mm tó ṣí dé f/2 tàbí f/1.8 (òǹkà f ló ń sọ bí ojú lẹ́ńsì ṣe ṣí tó) ni ẹ nílò, nítorí ìmọ́lẹ̀ ń wọ inú rẹ̀ dáadáa, ibi tí ẹ ń wò á sì mọ́lẹ̀.

Ìpele 2: Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹni tó ń tà á

Àwọn kámẹ́rà tó dára jù tí mo ti rí, ọwọ́ àwọn bàbá afọ́tò tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n wà, nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ìtàn kámẹ́rà náà lẹ́nu wọn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ní: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò?" Ẹni tó tọ́jú kámẹ́rà rẹ̀ kì í bínú sí ìbéèrè yẹn. Inú rẹ̀ á tilẹ̀ dùn pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń wò.

Báyìí ni kí ẹ ṣe tẹ̀ lé e:

1. Ẹ wò ó bóyá fíìmù wà nínú rẹ̀. Ẹ rọra yí kọ́kọ́rọ́ ìkáfíìmù tó wà lókè lápá òsì síhà ibi tí ọfà orí rẹ̀ kọjú sí. Bí ó bá fún pọ̀ tó ń fa nǹkan, fíìmù wà ńbẹ̀, ẹ má ṣí i.
2. Bí kò bá sí, ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Fóòmù dúdú wà ní etí ìlẹ̀kùn náà, òun ni kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ẹ fi ìka kàn án. Bó bá lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ bí oje igi, ó ti jẹrà. Wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀, owó rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye tí ẹ máa san.
3. Ẹ yí ìyára ṣọ́tà sí 1, ẹ fa ọwọ́ ìfàfíìmù, ẹ tẹ bọ́tìnnì. Ó yẹ kí ṣọ́tà ṣí fún odidi ìṣẹ́jú-àáyá kan kó tó pa dé. Ẹ ṣe é ní 30, ní 125, ní 1000. Ìró wọn gbọ́dọ̀ yàtọ̀ síra, kó máa kúrú sí i. Bí 30 àti 500 bá dún bákan náà, ọ̀rá ti gan nínú rẹ̀. Ẹ dá a padà.
4. Ẹ yí i sí 1000, ẹ kọjú lẹ́ńsì sí ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀, ẹ máa wò láti ẹ̀yìn bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ tàn fìrí ní gbogbo ojú fèrèsé náà, ìyẹn àlàfo onígun mẹ́rin tí fíìmù máa ń tẹ́ lé lórí. Bí apá kan bá dúdú, apá yẹn ló máa dúdú nínú gbogbo fọ́tò yín.
5. Ẹ ṣí ilé bátìrì nísàlẹ̀. Ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé níbẹ̀ túmọ̀ sí pé omi bátìrì ti ṣàn. Bó bá kéré, òwú tí wọ́n rẹ sínú fínígà lè nù ún kúrò. Bó bá ti jẹ irin, mítà ti lọ nìyẹn.

Lẹ́ńsì ló kù, ẹ má kánjú níbí. Ẹ yọ ọ́, ẹ ṣí ojú rẹ̀ tán, ẹ gbé iná tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ máa wo ó láti iwájú ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́. Eruku wóróworo kò ṣe nǹkan kan. Ohun tí ẹ ń wá ni fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ funfun tó ya ẹ̀ka bí òwú aláǹtakùn, láti etí gíláàsì wọ àárín. Èbu nìyẹn. Òjò Ifẹ̀ pọ̀, ọ̀rinrin ilé ń bá lẹ́ńsì jà láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá. Lẹ́ńsì tó bá wà nínú báàgì aláwọ fún ọdún mẹ́wàá láìrí afẹ́fẹ́, èbu á wà nínú rẹ̀ bó ti wù kí ìta rẹ̀ máa dán tó. Ojú ìta ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń nù, tí wọ́n á ní ó mọ́. Inú ni kí ẹ wò.

Àyẹ̀wò: ìró ìyára mẹ́rin tó yàtọ̀ síra, ìmọ́lẹ̀ tó kún ojú fèrèsé, lẹ́ńsì tí kò ní fọ́nrán, abẹ́rẹ́ mítà tó ń lọ sókè bí ẹ bá kọjú sí ìta tó sì ń wálẹ̀ bí ẹ bá kọjú sí ògiri inú ilé. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé, ẹ sanwó.

Ìpele 3: Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan lò ó láìsí fíìmù

Ẹni tó bá ti dín dòdò rí ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Iná líle, àkókò díẹ̀. Iná jẹ́jẹ́, àkókò púpọ̀: ọ̀nà méjèèjì ló lè pọ́n dọ́gba. Ojú lẹ́ńsì ni iná, ìyára ṣọ́tà ni àkókò. ISO fíìmù ni bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ṣe rọ̀ tó. ISO 400 dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kẹ́lẹ́bẹ́, kì í pẹ́ nínú epo. ISO 100 á gba iná tàbí àkókò sí i. Bó bá pọ̀ jù, ó jóná. Bó bá kéré jù, kò jinná.

Lára òrùka lẹ́ńsì, ẹ máa rí 2, 2.8, 4, 5.6, 8, 11, 16. Òǹkà tó tóbi ni ihò tó kéré. Ibí yìí ni gbogbo èèyàn ti máa ń dà á rú. Láti ọ̀kan sí èkejì, ìmọ́lẹ̀ ń dín sí ìdajì. Lórí bọ́tìnnì ìyára, 60 túmọ̀ sí pé wọ́n pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sọ́nà ọgọ́ta, ṣọ́tà sì ṣí fún ìdá kan níbẹ̀. Láti 60 sí 125, ìdajì náà ni. Nítorí náà f/8 pẹ̀lú 125, f/5.6 pẹ̀lú 250 àti f/11 pẹ̀lú 60, ìmọ́lẹ̀ kan náà ni wọ́n gbà wọlé. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ihò kékeré máa ń mú kí ohun tó wà níwájú àti lẹ́yìn hàn kedere pọ̀, ihò ńlá á mú ẹnì kan ṣoṣo jáde, á sì fi ìyókù sínú kùrukùru. Ìyára kékeré á jẹ́ kí ọmọ tó ń sáré rí bí èéfín.

Bí ẹ bá fọwọ́ gbé e, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ kọjá 60 pẹ̀lú lẹ́ńsì 50mm. Ọwọ́ á gbọ̀n.

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ òsì gbé lẹ́ńsì láti ìsàlẹ̀, kí ìgúnpá méjèèjì sún mọ́ ìhà, kí ẹ mí síta tán kí ẹ tó rọra tẹ bọ́tìnnì. Ojú ẹni tí ẹ ń yà ni kí fókọ́ọ̀sì wà, èyí tó sún mọ́ yín jù nínú méjèèjì. Ẹ jókòó sí ìta nírọ̀lẹ́, ẹ máa wá fókọ́ọ̀sì àwọn tó ń kọjá.

Àyẹ̀wò: kí ẹnì kan máa pè é fún yín, "f/8, 125!" Kí ẹ dáhùn pẹ̀lú méjì mìíràn tó bá a dọ́gba kó tó ka márùn-ún. Bí ó bá ti yọ́ mọ́ yín lẹ́nu, ẹ lè ra fíìmù.

Ìpele 4: Ẹ ki fíìmù sí i

Ibí yìí ni fíìmù òfo ti ń wá. Lọ́jọ́ kan ní Mọ́dákẹ́kẹ́, mo ya ìyá ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, níbi tí wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, tí èèpo rẹ̀ ń fò sórí ìró wọn. Òǹkà ń lọ lórí kámẹ́rà bí mo ṣe ń yà. Ó kọjá 36, ọwọ́ ìfàfíìmù kò sì kọ̀. Ìgbà tí mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ahọ́n fíìmù wà níbi tí mo fi í sí gan-an. Kò tí ì sún rí. Mo ní màá padà lọ yà wọ́n. Kí n tó padà lọ, wọ́n ti sùn, kò sì sí fọ́tò ọjọ́ yẹn lọ́wọ́ mi.

Ẹ lo ògbólógbòó fíìmù yẹn láti kọ́ èyí, nígbà mẹ́wàá, kí ẹ tó fọwọ́ kan ojúlówó.

1. Ẹ wá ibòji. Ẹ má ki fíìmù nínú oòrùn gangan.
2. Ẹ fa kọ́kọ́rọ́ ìkáfíìmù sókè, ẹ̀yìn kámẹ́rà á ṣí. Ẹ fi agolo fíìmù sí ilé rẹ̀ lápá òsì, ẹ ti kọ́kọ́rọ́ náà padà wálẹ̀.
3. Ẹ fa ahọ́n fíìmù kọjá sí ọ̀tún, ẹ ki orí rẹ̀ bọ ihò tóóró tó wà lára òpó tó ń gba fíìmù.
4. Ẹ fa ọwọ́ ìfàfíìmù lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ̀yìn ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹ wò ó dáadáa: eyín kékeré tó wà lókè àti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wọ ihò etí fíìmù ní ìhà méjèèjì. Apá kan nìkan kò tó.
5. Ẹ pa á dé. Ẹ rọra yí kọ́kọ́rọ́ ìkáfíìmù síhà ọfà rẹ̀ títí yóò fi fún díẹ̀. Ẹ dúró níbẹ̀.
6. Ẹ fà, ẹ tẹ̀. Ẹ fà, ẹ tẹ̀. Méjì yìí ń kó apá tí ìmọ́lẹ̀ ti kàn kúrò.
7. Ẹ yí ISO kámẹ́rà sí iye tó wà lára agolo.

Àyẹ̀wò: bí ẹ ṣe ń fa ọwọ́ ìfàfíìmù, ojú yín gbọ́dọ̀ wà lára kọ́kọ́rọ́ apá òsì. Ó gbọ́dọ̀ máa yí fúnra rẹ̀, ní òdìkejì ọfà tó wà lórí rẹ̀. Bí kò bá yí, fíìmù kò lọ. Ẹ má gbọ́ ti òǹkà. Òǹkà ń ka ìgbà tí ẹ fà, kò mọ̀ bóyá fíìmù wà. Ẹ wò ó ní ìgbà kìíní, ẹ tún wò ó ní ìgbà karùn-ún, ẹ sọ ọ́ di àṣà.

Ìpele 5: Ẹ wọn ìmọ́lẹ̀

Mítà kò mọ aṣọ, kò mọ ojú. Ohun kan ṣoṣo ló mọ̀: ó fẹ́ sọ gbogbo ohun tó bá rí di àwọ̀ eérú, tí kò funfun tí kò sì dúdú. Bí ẹ bá kọjú rẹ̀ sí bàbá kan tó wọ agbádá funfun, aṣọ náà ló máa gba gbogbo àfiyèsí rẹ̀. Á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á ní kí ẹ dín in kù. Ẹ dín in, aṣọ á di eérú, ojú bàbá á di òkùnkùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ìyá bá jókòó lẹ́nu ọ̀nà tí ìta mọ́lẹ̀ lẹ́yìn wọn. Nílùú tí àlà àti funfun ti ń jáde ní gbogbo ọdún bí Ifẹ̀, ẹni tí kò bá kọ́ èyí kò lè ya nǹkan gidi.

Ẹ sún mọ́ ẹni náà títí ojú rẹ̀ nìkan á fi kún ibi tí ẹ ń wò. Ẹ yí òrùka títí abẹ́rẹ́ á fi wà láàrin. Ẹ padà sẹ́yìn síbi tí ẹ ti fẹ́ yà á, abẹ́rẹ́ á sá kúrò láàrin. Ẹ má dá a lóhùn, ẹ yà á bẹ́ẹ̀. Bí ẹni náà bá jẹ́ àgbà tí kò yẹ kí ẹ sún mọ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹ kọjú kámẹ́rà sí koríko tútù tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ kan náà, ẹ gba iye rẹ̀, ẹ sì fi ìdá kan kún un: bó bá ní f/8, ẹ lo f/5.6. Nẹ́gátíìfù ń fara da ìmọ́lẹ̀ àpọ̀jù. Àìtó ni kò gbà.

Bí mítà bá kú, tàbí tí ẹ kò gbà á gbọ́, ẹ lo òjìji ara yín. Ẹ fi ìyára sí 500 fún ISO 400, tàbí 250 fún ISO 200, kí ẹ wá wo ilẹ̀:

- Oòrùn gangan, òjìji ṣú, etí rẹ̀ mú: f/16.
- Oòrùn wà àmọ́ ọyẹ́ bò ó, òjìji rọ̀: f/11.
- Ojú ọjọ́ funfun, kò sí òjìji: f/8.
- Òjò ti ṣú: f/5.6.
- Abẹ́ igi tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀: f/4.

Lákòókò ọyẹ́, ẹ má tan ara yín. Ojú ń rí i bíi pé oòrùn le, àmọ́ eruku tó wà lókè ti gba díẹ̀ nínú rẹ̀. Òjìji ni kí ẹ gbà gbọ́.

Àyẹ̀wò: ẹ wo òjìji, ẹ sọ iye rẹ̀ jáde, kí ẹ tó wo mítà. Bí ìyàtọ̀ wọn kò bá ju ìdá kan lọ, ojú yín àti mítà ń ṣiṣẹ́.

Ìpele 6: Fíìmù àkọ́kọ́

Ẹ má gbé e lọ síbi ìgbéyàwó ẹnikẹ́ni. Ti ẹ̀kọ́ ni.

Lo mẹ́ta àkọ́kọ́ fún ẹnì kan ṣoṣo lábẹ́ igi: ọ̀kan bí mítà ṣe wí, ọ̀kan pẹ̀lú ìdá kan lé, ọ̀kan pẹ̀lú ìdá méjì lé. Kí ó wọ funfun. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: òǹkà, f, ìyára, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀. Láìsí ìwé yẹn, fíìmù náà kò lè kọ́ yín ní nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀ kí ẹ tó gbé kámẹ́rà jáde. Ìlànà kan náà ni ní gbogbo ojúbọ àti igbó ìlú yìí, bí wọ́n bá ní rárá, rárá ni. Òkúta náà ga tó mítà márùn-ún àbọ̀. Pẹ̀lú lẹ́ńsì 50mm, kámẹ́rà ní òró, ẹ kò lè rí i látòkè délẹ̀ bí ẹ kò bá jìnnà tó nǹkan bíi mítà mẹ́jọ; ẹ fi í sí mẹ́wàá kí àyè díẹ̀ wà lókè orí rẹ̀. Ẹsẹ̀ yín ló ń fà á sún mọ́ tàbí jìnnà. Ìdẹkùn ibẹ̀ ni ojú ọ̀run: bí ẹ bá gbójú kámẹ́rà sókè, ọ̀run tó mọ́lẹ̀ ló máa bá mítà sọ̀rọ̀, òkúta á di dúdú. Ẹ tẹ kámẹ́rà wálẹ̀ síbi koríko, ẹ gba iye, kí ẹ tó gbé e sókè. Bí ẹ bá lọ ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀ àárọ̀, tí oòrùn ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, gbogbo orí ìṣó tí wọ́n gbá mọ́ ara òkúta náà á ní òjìji tirẹ̀. Ẹ sún mọ́ ọn, ibi tí wọ́n bá gbà yín láàyè dé, ẹ ya àwọn ìṣó yẹn nìkan.

Ìyókù, ẹ lò ó fún ará ilé yín, ní ìmọ́lẹ̀ oríṣiríṣi.

Ìpele 7: Ẹ ká a padà

Nígbà tí ọwọ́ ìfàfíìmù bá kọ̀, ẹ má fi agbára mú un. Fíìmù á já. Ẹ tẹ bọ́tìnnì kékeré tó wà nísàlẹ̀ kámẹ́rà, ẹ tú apá kékeré tó ká sórí kọ́kọ́rọ́ òsì, ẹ máa yí i síhà ọfà. Ẹ máa gbọ́ bí ó ṣe ń fà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó máa fún pinpin, á já, á wá fúyẹ́ lójijì. Ẹ tún yí i ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ tó ṣí i.

Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì ṣí i kí ẹ tó ká a, ẹ pa á dé kíá, ẹ ká a, ẹ ṣì gbé e lọ fọ̀. Àwọn tó wà lójú òde ti lọ, àmọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀ lára òpó lè là á já.

Àyẹ̀wò: agolo jáde, ahọ́n rẹ̀ ti wọlé tán. Bí ahọ́n bá ṣì wà níta díẹ̀, ẹ ká a kó ṣẹ́, kí ẹ má baà tún un yà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ kọ déètì àti "ti yà" sára rẹ̀. Ẹ má fi sórí dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀. Oòrùn ọ̀sán kan ṣoṣo ti tó láti ba kálà rẹ̀ jẹ́.

Ìpele 8: Ẹ ka nẹ́gátíìfù

Ẹ gba nẹ́gátíìfù yín padà. Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, nítorí ọ̀pọ̀ a máa fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí fóònù, wọ́n á sì da fíìmù nù. Nẹ́gátíìfù ni ohun ìní yín.

Ẹ gbé e sí ojú fèrèsé. Ẹ kọ́kọ́ wo etí rẹ̀, níbi tí ilé-iṣẹ́ ti kọ orúkọ fíìmù àti òǹkà.

Bí etí bá ní òǹkà tó ṣe kedere tí àárín sì ṣófo, wọ́n fọ̀ ọ́ dáadáa. Fíìmù ni kò lọ nínú kámẹ́rà, tàbí ṣọ́tà kò ṣí. Ẹ padà sí Ìpele 4. Bí etí náà bá ṣófo, kámẹ́rà yín kò jẹ̀bi, inú oògùn ni ọ̀ràn wà. Bí gbogbo rẹ̀ bá dúdú láti etí dé etí, ìmọ́lẹ̀ ti wọlé. Bí ìlà dúdú bá ń yọ láti ẹ̀gbẹ́ kan náà nínú fọ́tò púpọ̀, fóòmù ìlẹ̀kùn ló ti jẹrà.

Bí ojú èèyàn bá mọ́ gaara lórí nẹ́gátíìfù, tí ẹ kò rí imú, tí ẹ kò rí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìmọ́lẹ̀ kò tó. Ẹ mú ìwé yín, ẹ fi mẹ́ta àkọ́kọ́ wé ara wọn. Èyí tí ojú ti ní àwọ̀, tí ẹ sì rí ìṣẹ́po aṣọ funfun náà pẹ̀lú, iye tí ẹ kọ sí i ni kí ẹ máa lò láti òní lọ fún irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìpele 9: Ìtọ́jú

Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú báàgì aláwọ. Awọ ń fa omi. Ẹ wá ike tó ní ìdérí tó ń fún, ẹ kó àwọn àpò wóróworo tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sí i, ẹ fi kámẹ́rà sáàárín wọn. K1000 kò ní bọ́tìnnì tí ẹ fi ń pa mítà, nítorí náà ẹ dé ìdérí lẹ́ńsì rẹ̀, kí bátìrì má baà tán. Ẹ má fẹnu fẹ́ dígí inú rẹ̀, itọ́ á ta sí i. Ẹ má sì fọwọ́ kan aṣọ ṣọ́tà láé.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ gbé e jáde, ẹ fà á, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ìyára, kí ọ̀rá inú rẹ̀ má gan. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan nígbà òjò, ẹ tún gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn lẹ́ńsì bí ẹ ti ṣe lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Bí fọ́nrán kan ṣoṣo bá ti yọ létí gíláàsì, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tú lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kó tó jẹ wọ inú gíláàsì.